Àléébù

Àléébù ni kùdìẹ̀-kudiẹ tó wà lára nǹkan. Àbùkù sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀tẹ́ wà nínú tirẹ̀: a máa ń fi àbùkù kan ènìyàn, a kì í fi àléébù kàn án.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Apẹtẹ n'Íbàdàn á mú mẹkáníìkì dání láti bá a wo àléébù rẹ̀. Mẹkáníìkì náà kò ní í sọ pé ọkọ̀ náà kò dára kó sì dákẹ́. Á fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti lù ú tún ṣe.

Ohun tí ọgbọ́n àtọwọ́dá alálàyé, èyí tó ń fi ìdí ìdájọ́ rẹ̀ hàn, ń ṣe nílé iṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà á ya ara ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á wá ihò inú irin tí wọ́n jó pọ̀ tàbí ọ̀dà tó họ. Grad-CAM, ọ̀nà kan tí àwọn olùwádìí gbé jáde ní 2016, máa ń fi àwọ̀ pupa kun ibi tí kọ̀ǹpútà tẹjú mọ́ kó tó dájọ́. Bó bá jẹ́ pé ìtànṣán iná lára ọ̀dà ló kun, òṣìṣẹ́ á mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣìnà, kì í ṣe ọkọ̀. Àmọ́ o, àwọ̀ náà kò lè sọ ohun tó fa àléébù. Ìyẹn ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì n'Íbàdàn: ilé iṣẹ́ Leyland ti to ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn tó ń gbé Apẹtẹ, ẹ kọ́ iṣẹ́ fífi ọgbọ́n àtọwọ́dá wá àléébù yìí.