Àwọn Ọmọ Ogun Ojú Omi àti Ọ̀wọ̀ Tí Ó Tọ́ sí Wọn

Bárékè sójà Ìkejà kò jìnnà sí Onígbòǹgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní àdúgbò náà mọ sójà dunjú: ó mọ aṣọ rẹ̀, ó mọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì mọ ìró fèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi í pé ta ni ó jà lójú omi fún Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí ó dákẹ́. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lórí òkun kì í ní ẹlẹ́rìí púpọ̀.

Ogun ojú omi kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó nígbà ayé Ọba Kòsọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n tún dé. Òṣòdì Tápà ni ó ṣíwájú àwọn tí ó dáàbò bo ìlú. Méjì nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bloodhound àti Teazer, fìdí sọlẹ̀ nínú ọ̀sà, síbẹ̀ àgbá ni ó borí níkẹyìn. Ogun Agídìngbì ni àwọn ará Èkó ń pe ìjà náà, nítorí bí àgbá ti ń dún. Ní ọdún 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà pátápátá. Ẹni tí ó ni ojú omi ni ó ni Èkó.

Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Marine ni ó ń tọ́jú èbúté àti odò. Nígbà tí wọ́n pín iṣẹ́ rẹ̀, èbúté bọ́ sọ́wọ́ Nigerian Ports Authority, odò bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn, àwọn tí ó kù ni wọ́n sì fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1956.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti Marine wá ni Joseph Edet Akinwálé Wey. Wọ́n bí i ní Calabar ní ọdún 1918. Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí ọmọ ogun ojú omi. Ó kú ní ọdún 1991.

Ogun abẹ́lé ni ó dán wọn wò. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 1967, wọ́n kó sójà lọ sí Bonny, ẹnu ọ̀nà Port Harcourt, níbi tí epo rọ̀bì ti ń jáde lọ sókè òkun. Ọkọ̀ Lokoja gbé àwọn sójà. Ọkọ̀ Nigeria ń yin àgbá. Ní oṣù Kẹwàá, Calabar ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Láti inú ìjà wọ̀nyí ni orúkọ Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń pè. Ó jagun lóòótọ́, ṣùgbọ́n sójà kì í fi ẹsẹ̀ rin orí òkun. Àwọn tí ó tu ọkọ̀ rẹ̀ débẹ̀ kò ní olókìkí bẹ́ẹ̀.

Òpìtàn kò sì gbọdọ̀ fi apá kejì pamọ́. Àwọn ọkọ̀ yìí kan náà ni ó dí ojú òkun mọ́ Biafra, ìdènà yìí sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ebi pa ọ̀pọ̀ aráàlú tí kò gbé ìbọn. Bíbu ọlá fún ènìyàn yàtọ̀ sí bíbo ìtàn mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ogun náà parí. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn tí ó kú sójú ogun tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní. Ó yẹ kí olùkọ́ lo ọjọ́ náà dáadáa. Ẹni tí ó kú sórí ilẹ̀ lè ní ibojì tí ọmọ rẹ̀ yóò máa lọ wò. Ẹni tí òkun gbé kò ní òkúta kankan lórí. Inú ìtàn nìkan ni a lè sin ín sí. Àwọn àgbà sì wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Bí olùkọ́ kò bá pa àrọ́bá náà, kí ni ọmọdé yóò bá?