Bọ́tà Inú Àgọ́ Àwọn Lárúbáwá

Ẹ̀yin olùkà wa, ẹ ó ti máa bá "samn" pàdé nínú ìtàn àwọn Sàhábà. Bọ́tà tí wọ́n yọ́ lórí iná ni. A sábà máa ń kà á kọjá wéré, bí ẹni pé ọjà ni wọ́n ti lọ bù ú.

Iṣẹ́ obìnrin ni nínú àgọ́ aṣálẹ̀. Odidi awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti so ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ pa ni àpò rẹ̀. Wọn a da wàrà tó ti kan díẹ̀ sínú rẹ̀, kò ní kún, wọn a fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọn a di ẹnu rẹ̀, wọn a sì fi kọ́ sórí igi mẹ́ta tí wọ́n so lórí pọ̀. Obìnrin náà a jókòó tì í, a máa tì í síwá sẹ́yìn títí ìró inú rẹ̀ yóò fi yí padà. Ìgbà náà ni bọ́tà ti léfòó. Ìdájí ló dára jù, nítorí oòrùn a máa mú kí ọ̀rá náà yọ́, kò ní dìpọ̀. (Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ta nọ́nọ̀ lọ́jà wa ń ṣe irú rẹ̀, kèrègbè ni tiwọn.)

Wàrà màlúù pàápàá, ó tó bíi lítà 20 kí a tó rí kílò bọ́tà kan. Mélòó ni ewúrẹ́ aṣálẹ̀ yóò mú wá lóòjọ́?

Wọn kì í da omi wàrà tó kù nù. Wọn a mu ú, wọn a sì sá èyí tó dì nínú rẹ̀ sóòrùn kí ó di "aqit", ọ̀kan nínú ohun tí Abu Saʿid al-Khudri sọ pé àwọn fi ń yọ sàká ìtúnu ààwẹ̀. Bọ́tà ní tirẹ̀, wọn a yọ́ ọ, wọn a rọ ọ́ sínú àpò awọ kékeré tí wọ́n ń pè ní "ʿukkah". Irú àpò yìí ni Umm Malik fi máa ń kó samn ránṣẹ́ sí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ẹ̀bùn ńlá ni.

Lọ́dún 18 Hijira, ọ̀dá mú Mẹ́dínà àti agbègbè rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn gbẹ, wàrà tán. Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) búra pé òun kò ní fẹnu kan samn títí ara yóò fi tu àwọn ènìyàn. Nígbà tí àpò samn kan àti awọ wàrà kan padà dé ọjà, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ rà wọ́n ní 40 dírhámù. Umar ní ó ti wọ́n jù, kí ó lọ fi ṣe sàráà.