Ọ̀nà Là, Ọkàn Yọ̀: Ìtàn Ìdùnnú Ìwakọ̀ àti Òmìnira Ojú Ọ̀nà láti Iléṣà dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìdùnnú tí ó wà nínú ọkọ̀ wíwà àti òmìnira tí ojú ọ̀nà ń fún ènìyàn, pẹ̀lú àkíyèsí pàtàkì sí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti àdúgbò Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní ìlú Èkó. A fi hàn pé òmìnira ojú ọ̀nà ti wà nínú ìrònú Yorùbá kí mọ́tò tó dé, pé mọ́tò ni ó fi í lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, àti pé kì í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn bí a bá sọ ọ́ di ti olówó nìkan.

1. Ìfáárà

Orúkọ àdúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Gbólóhùn kúkurú ni Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àdúgbò kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè: àwọn Ìjẹ̀ṣà ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Kí ènìyàn tó lè tẹ ibì kan dó, ó ti gbọ́dọ̀ kúrò ní ibòmíràn; kí ó sì tó kúrò, ọ̀nà gbọ́dọ̀ là. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó ni orúkọ yìí ń sọ, ìrìn àjò ni ó wà nídìí rẹ̀.

Lónìí, òpópónà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá ni ó gba ẹ̀gbẹ́ àdúgbò náà kọjá. "Ìjẹ̀ṣà" ti di orúkọ ibùdókọ̀ tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń fi ariwo pè láti àárọ̀ di alẹ́, tí ọ̀pọ̀ èrò kì í sì í rántí pé orúkọ ènìyàn ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn nínú iṣẹ́ yìí. Kí ni ó ń dùn mọ́ awakọ̀ nínú ìwakọ̀? Ta ni òmìnira ojú ọ̀nà tọ́ sí? Kí ni ó sì máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹni?

2. Kí Mọ́tò Tó Dé

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, orí ni ó sì ń ru ẹrù. Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n oníbodè wà lójú ọ̀nà. Ìlú tí ó bá dá ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ lè gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì lè dí ọ̀nà náà pátápátá bí ìjà bá dé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà mọ èyí ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé ilẹ̀ wọn jìnnà sí òkun. Ọjà àti ohun ìjà tí ó ń ti etíkun bọ̀ ní láti gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà fi ṣe pàtàkì nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ dojú kọ Ìbàdàn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1872, Gómìnà John Glover ti ṣe ìrànlọ́wọ́ láti ṣí ọ̀nà Oǹdó sílẹ̀, kí ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lè dé Èkó láìgba ibodè Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó ń gbé ní Èkó kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká. Láàárín àkókò náà, ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi agbára ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ṣí ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀nà là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba tuntun ni ó wá di oníbodè.

Àlàáfíà yìí ni ó mú kí òwò òṣómàáló gbilẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ó ń ta aṣọ láwìn ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń padà wá gba owó wọn. Orúkọ náà ti inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wá: òṣó ni oníṣòwò yóò ló sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. A sábà máa ń fi orúkọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìtàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ta ọjà láwìn ní ìlú tí ó jìnnà gbọ́dọ̀ ní ìdánilójú pé ọ̀nà yóò ṣì là nígbà tí òun bá ń padà bọ̀ wá gba owó.

3. Mọ́tò Dé

Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Kò gba Iléṣà kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ reluwé láti Iléṣà ní láti kọ́kọ́ dé Òṣogbo. Yàtọ̀ sí èyí, reluwé ní àkókò tirẹ̀: ìgbà tí ó bá wù ú ni ó ń gbéra, ibi tí ó bá wù ú ni ó sì ń dúró.

Ní nǹkan bí 1906 ni ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ parí, a sì kà á sí ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Yorùbá sọ mọ́tò kékeré ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ó fi ìyanu àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i hàn: ohun tí kò sí ẹṣin tí ó ń fà á, síbẹ̀ tí ó ń yọ́ rìn. Ọkọ̀ akẹ́rù onípákó gba orúkọ mìíràn, bọ̀lẹ̀kájà, nítorí bí èrò ṣe ń kọjú sí ara wọn lórí bẹ́ǹṣì tí ìjà kì í sì í jìnnà. Àwọn awakọ̀ sá sábẹ́ ààbò Ògún, onírin, wọ́n sì ń fi ajá bọ ọ́. Wọ́n kọ òwe àti àdúrà sí ara ọkọ̀ wọn, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kọ́kọ́ kà ní èdè Yorùbá lẹ́yìn ìwé ilé ẹ̀kọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín reluwé àti mọ́tò ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa àkọ́kọ́. Ẹni tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú kò bi ẹnikẹ́ni kí ó tó gbéra. Ó lè jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ó jáde kí ìlú tó jí, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i lójú. Ó lè dúró ra àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó sì yà kí ìbátan tí kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni ó ń yan ọ̀nà, òun ni ó sì ń yan ìgbà. Ìjọba amúnisìn pàápàá rí agbára yìí: ní àwọn ọdún 1930, ó fi òfin dí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ kí ó má baà gba oúnjẹ lẹ́nu reluwé.

Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó jẹ adùn yìí. A ka Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta àti Oyinkán Abáyọ̀mí ní Èkó mọ́ àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ohun ìyanu pé àwọn méjèèjì ni ó tún ṣáájú nínú ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin láti dìbò.

4. Ìgbà Ìjàpá

Àwọn ọdún 1970 ni a lè pè ní ìgbà ọ̀sán gangan ìdùnnú ìwakọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní 1975, owó Údọ́jì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ sì wà lára wọn. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀. Volkswagen kékeré náà ni Yorùbá pè ní Ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọrọdọ. Olùkọ́ tí kò lálàá mọ́tò rí di ọlọ́kọ̀. Nígbà tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ń gbé ní Èkó lè gbéra ní òwúrọ̀, kí ó gba Ìbàdàn, Gbọ̀ngán àti Ilé-Ifẹ̀ kọjá, kí ó sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Iléṣà. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mọ́tò mú kí àjò àti ilé sún mọ́ ara wọn.

5. Ìgbà Tí Ọ̀nà Tún Dí

Adùn yìí kò lọ láìsí ìyà. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn, débi pé Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà náà, wà nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ ní 1988.

Ní Èkó, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ di àrùn. Ní 1977, ìjọba pàṣẹ pé kí ọkọ̀ máa jáde ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe rí. Àwọn olówó ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tí kò ní dúró sílé tàbí kí wọ́n há mọ́ inú mọ́lúè. Ibí yìí ni ìbéèrè wa kejì ti rí ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí a bá fi owó wọn òmìnira, kì í ṣe ọ̀nà ni ó dí, ènìyàn ni a yọ kúrò lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ètò ọ̀rọ̀ ajé SAP dé ní 1986, ọkọ̀ tuntun wọ́n. Àwọn ènìyàn yíjú sí ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, wọ́n sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi: Tòkunbọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún bíi 2018, àwọn ọkọ̀ agbépo àti akóńténà tí ó ń lọ sí èbúté Àpápá ti tò sórí òpópónà Òṣòdì sí Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó sì rí i bí ọ̀nà tí ó gba ẹnu ilé wọn kọjá ṣe lè di ògiri. Ní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè sì wà lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá kan sì kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà, ó kọjá 400 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

6. Òfin àti Ojú Ọ̀nà

Abala 41 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri láìsí ìdíwọ́. Síbẹ̀, láti ìgbà ìjọba ológun àwọn ọdún 1980, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn ní Èkó fún wákàtí mẹ́ta ní àárọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, nítorí ìmọ́tótó àyíká. Agbẹjọ́rò Ẹbùn-Olú Adégborúwà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹta 2015, Adájọ́ Mohammed Idris dájọ́ pé kò sí òfin tí ó fàyè gba ìdíwọ́ náà. Ní 2016, ìjọba Èkó fòpin sí i.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹjọ́ yìí ni pé kò sí ẹni tí ó bá ìmọ́tótó jà. Ohun tí wọ́n bi ilé ẹjọ́ ni ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ fún ènìyàn pé kí ó má rìn. Ìbéèrè oníbodè àtijọ́ ni, tí ó wọ aṣọ tuntun.

7. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ìdùnnú ìwakọ̀ wà nínú agbára láti yan ìgbà àti ibi tí a ń lọ fúnra ẹni. A sì rí i pé ohun mẹ́ta ni ó máa ń gba agbára náà lọ́wọ́ ẹni: ogun tàbí àṣẹ tí ó dí ọ̀nà, ọ̀nà tí a kò tún ṣe, àti owó tí ó ju agbára ẹni lọ. Awakọ̀ kan ṣoṣo kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́gun èyíkéyìí nínú wọn.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọmọ láti ibi tí ó wà. Kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà dé Èkó, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, àti iye ọjọ́ tí ó gbà wọ́n. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ èyí tí àwọn bàbá rẹ̀ gbà wá kò ní mọ ìgbà tí wọ́n bá dí i mọ́ ọn.