Kí La Ó Yọ Kúrò Nínú Ìkòkò? Àtúngbé Ayé Sẹ́ńtúrì Kẹẹ̀ẹ́dógún ní Igbó Òrè àti Odígbó

Bí a bá ní ká ṣàfihàn bí àwọn baba ńlá ṣe gbé ní agbègbè Òrè àti Odígbó, aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ wá: sányán, ìlẹ̀kẹ̀, fìlà. Lẹ́yìn náà, wọn a gbé púpurú àti ọbẹ̀ ata síwájú àlejò, wọn a ní oúnjẹ ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí aṣọ. Àwo yẹn ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú, Bràsíl ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé etí òkun wa ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, ó sì pẹ́ kí ó tó tàn kálẹ̀. Ata rodo, tàtàṣé, tòmátì, àgbàdo, ìbẹ́pẹ, tábà, òdìkejì òkun ni gbogbo wọn ti wá lẹ́yìn 1492. Kòkó tó sọ agbègbè yìí di olówó tún kẹ́yìn wọn dé.

Ní Weald and Downland, musíọ́mù ilé àtijọ́ ní Sussex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú Bayleaf, ilé àgbẹ̀ kan tí wọ́n kọ́ ní Kent ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì tún un tò. Ẹni tó bá fẹ́ sè bí ará ìgbà náà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mú tòmátì wọlé. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìwé láti tẹ̀ lé: ìwé ìhágún, àkọsílẹ̀ ẹrù inú ilé, àní *The Forme of Cury*, ìwé ìdáná tó ti ààfin ọba wá ní nǹkan bí 1390. Irú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Duarte Pacheco Pereira, Potogí tó kọ̀wé ní nǹkan bí 1505 sí 1508, dárúkọ Ìjẹ̀bú àti yàrà tó yí i ká, ó sọ nípa òwò ẹrú àti eyín erin, ṣùgbọ́n kò yọjú sí ààrò ẹnikẹ́ni. Àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní 1971, tí wọ́n jẹ́ ti nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, fi ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ hàn wá. Ọbẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ohun tó kù fún wa ni igbó fúnra rẹ̀, àti iṣẹ́ ọwọ́. Iṣu funfun wà, igàngán àti èsúrú wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ilá, ẹ̀wà, ègúsí, epo pupa, ìgbín, olú, ẹran ìgbẹ́. Ìyèré, atare àti èèrù ni wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ta lẹ́nu. (Ẹni tó bá rò pé ọbẹ̀ aláìní rodo kò lè ta, kí ó lọ fi ìyèré sè é.)

Èrè yíyọ tí a bá yọ àwọn oúnjẹ òdìkejì òkun kúrò ju ìtọ́wò lọ. Ẹ̀gẹ́ lè dúró nínú ilẹ̀ títí ebi yóò fi pa onílé. Iṣu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àkókò tó ń wọlé, ó ní àkókò tó ń tán. Bí oṣù karùn-ún bá ti dé, tinú àká ti hù, ó ti ń súnkì. Tinú ebè kò ì tíì tó wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè di àlàfo náà díẹ̀, síbẹ̀ ìyàn ń bẹ ní bèbè. Ẹni tó bá fi ọdún kan gbáko dáko létí igbó Olúwà ní agbègbè yìí láìsí ẹ̀gẹ́ ni yóò mọ ìdí tí a fi ń fi ayẹyẹ ńlá gba iṣu tuntun wọlé. Àfihàn ọjọ́ kan, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ dára tó, kò lè kọ́ni bẹ́ẹ̀. N kò sì ka Òyótúnjí, ìlú àṣà Yorùbá tí Oseijeman Adefunmi dá sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, mọ́ irú ìwádìí yìí: ẹ̀sìn àti ìdáǹdè ni àwọn ará ibẹ̀ ń wá, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ìṣòro kan wà tí ìyọkúrò kò lè yanjú. Ta ló ń kọ ebè? Bí Pereira ṣe sọ pé wọ́n ń ta ẹrú ní Ìjẹ̀bú, ó ṣeé ṣe kí ẹrú wà lóko àwọn aládùúgbò náà. Ní 1994, Colonial Williamsburg, musíọ́mù ìtàn kan ní Virginia, ṣe àfihàn bí wọ́n ṣe ń ta ẹrú ní gbàǹjo. Àwọn ọmọ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fẹ̀hónú hàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣètò rẹ̀. Bí a bá dá oko tí a ó ti gbé bí ará ìgbà náà sílẹ̀ ní Odígbó, ará ìlú ni kí ó pinnu bóyá ẹnì kan yóò ṣe ẹrú níbẹ̀, kí a tó gbin iṣu àkọ́kọ́.