Ìrìn Kẹ̀kẹ́ láti Paris dé Brest

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1891, ìwé ìròyìn Le Petit Journal ní ilẹ̀ Faransé ṣètò eré kẹ̀kẹ́ láti Paris lọ sí Brest ní etí òkun, àlọ àti àbọ̀, tí ó tó 1,200 kìlómítà. Àwọn tí ó gbéra ju 200 lọ. A fi èdìdì sí kẹ̀kẹ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ ní láti tún un ṣe. Charles Terront ni ó borí, ní wákàtí 71 àti ìṣẹ́jú 22. Táyà Michelin tí ó lò ṣeé bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó sì ṣeé lẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí Jiel-Laval tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sùn, Terront kọjá lọ.

Ní 1931, a ya ìrìn tiwọn sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í fi kẹ̀kẹ́ jẹun. Ní 1951 ni àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sá eré náà kẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò dáwọ́ dúró. Kò sí ẹ̀bùn owó. Kìkì kí wọ́n dé láàárín wákàtí 90 ni. Kí ènìyàn tó kópa, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ jìnnà tó 200, 300, 400 àti 600 kìlómítà.

Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Agbára tí oúnjẹ fi pamọ́ sínú ara kì í tó ju wákàtí díẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ líle, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, kí ebi tó dé. Báyìí ni eré tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi sílẹ̀ ṣe wà láàyè. Wọ́n tún rìn ín ní 2023.