Limestone Lẹ́yìn Tí Àwọn Ológun Kó Lọ

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, ìjọba Amẹ́ríkà ti ibùdó ológun òfurufú Loring pa. Ìlú Limestone ni ibùdó náà wà, ní ìpínlẹ̀ Maine, lẹ́bàá ààlà Kánádà. Ìkànìyàn 1990 bá ènìyàn 9,922 ní ìlú náà. Ti 2000 bá 2,361.

Ẹni tó bá fi ìyọkúrò lásán wo òǹkà wọ̀nyí lè sọ pé ìlú náà kàn padà sí bó ti wà ni. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 1950, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ibùdó náà lọ́wọ́, àwọn ará Limestone kò ju bí 2,400 lọ, iṣẹ́ pòtétò ni wọ́n sì fi ń jẹun. Àwọn ológun yan ibẹ̀ nítorí pé igun àríwá ìlà-oòrùn yẹn sún mọ́ Yúróòpù, tí ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù lè ti ibẹ̀ gbéra kọjú sí Soviet. Nígbà tó fi di 1960, iye ènìyàn ti ju 13,000 lọ. Nígbà tí ìbẹ̀rù Soviet rọlẹ̀, ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ náà rọlẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàṣàyàn ibùdó tí wọn yóò tì sì dárúkọ Loring ní 1991.

Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ní ó padà sí ipò rẹ̀ kò bá ipò náà níbẹ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, ilé-ìwé a máa gba ìsinmi lásìkò ìkórè kí àwọn ọmọ lè lọ ṣa pòtétò. Láàárín ogójì ọdún, ẹ̀rọ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀nà, ẹ̀rọ omi àti yàrá ìkàwé tí wọ́n ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wà nílẹ̀, àwọn díẹ̀ tó kù ni yóò máa tọ́jú wọn.

Àdánù náà kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó oṣù àwọn ológun ló kọ́kọ́ kúrò lọ́jà, lẹ́yìn náà ni àwọn onílé pàdánù ayálégbé. Bí àwọn ọmọ ológun ti kúrò ní kíláàsì, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń san nítorí wọn tẹ̀lé wọn. Àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn àti ilé ìtajà inú bárékè ló dá wọn dúró, kò ní ìdí láti dúró mọ́.

Ìjọba gbìyànjú, ó yẹ ká gbà bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ètò ìṣirò owó àwọn ológun gba ọ́fíìsì níbẹ̀. Ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ti ìpínlẹ̀ Maine ṣí ní 1995. Ní 1997, 1998 àti 2003, ẹgbẹ́ olórin Phish kó ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn jọ sí ibùdó náà, àmọ́ àríyá ọjọ́ méjì kì í san owó ilé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì pàápàá kò so ènìyàn mọ́ ìlú bí bárékè ti ṣe: òṣìṣẹ́ lè máa ti ìlú Caribou tó wà nítòsí wá láàárọ̀, kó padà nírọ̀lẹ́.

Ìkànìyàn 2020 bá ènìyàn 1,526, ó kéré jìnnà sí ti 1950. Kì í ṣe àlejò nìkan ló lọ nígbà náà. Ó sì dunni, nítorí pé nígbà tí Loring tì, sọ́jà gba ìwé pé kó máa lọ síbòmíràn, owó oṣù rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń ta oúnjẹ fún un kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà.