Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: Ṣé Èrò Kan Náà Ni Àwọn Olùdìbò Àárín Ní?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí pé: àwọn olùdìbò tí kò sí lápá ọ̀tún, tí kò sì sí lápá òsì, ṣé èrò kan náà ló so wọ́n pọ̀? Ìbéèrè àwọn onímọ̀ ìṣèlú nìyẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tèmi wọ̀ ọ́, ìyẹn ọ̀nà ọ̀rọ̀.

Ẹni tí kì í ṣe àṣejù là ń pè ní oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹ ó rí i: ó ń wọn ọ̀tún, ó sì ń wọn òsì. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé ó dúró lójú kan. Iṣẹ́ ló gbé lé e lọ́wọ́.

Ní 1989, ẹgbẹ́ 13 ló béèrè fún ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida. Kò fún ìkankan. Ní oṣù kẹwàá, ó dá méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀: SDP, ẹlẹ́ṣin, tó fì díẹ̀ sápá òsì, àti NRC, onídì, tó fì díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ìjọba ló kọ́ ọ́fíìsì fún àwọn méjèèjì. Bí ẹni pé orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo wa tò sí, nítòsí àárín!

Nígbà tó di 12 oṣù kẹfà 1993, ẹgbẹ́ "òsì" ló fa MKO Abiola, olówó oníṣòwò ńlá, kalẹ̀. Mùsùlùmí ni òun àti igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún wọn. Ọmọ Kano ni Bashir Tofa ti NRC, àmọ́ Abiola ló mú Kano.

Mo wà lórí ìlà ìbò lọ́jọ́ náà. Ìyá oníṣòwò kan tó wà níwájú mi ní kí ìjọba má fi kún owó epo mọ́tò, kí wọ́n sì máa yìnbọn fún olè. Tíṣà tó wà lẹ́yìn mi fẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ó ní kí ìjọba yọwọ́ nínú òwò. Ẹṣin ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìbò fún. Bí ẹnì kan bá ro èrò ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀, tó pín in, àárín ni yóò kà wọ́n sí. Ṣẹ́ ẹ rí i? Àárín ni ìṣirò gbé wọn sí, àmọ́ èrò wọn ò jọra rárá.

Ní 1964, Philip Converse ti Yunifásítì Michigan kọ̀wé nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bi ní ìbéèrè kan náà ní 1956, 1958 àti 1960. Lórí àwọn ìbéèrè kan, ìdáhùn ọ̀pọ̀ wọn ń yí padà bí ìgbà téèyàn ta owó ẹyọ sókè. Ṣé aláìmọ̀kan wá ni gbogbo aláàárín? Rárá o. Ní 2023, Anthony Fowler àti àwọn márùn-ún mìíràn tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n rí àwọn tó kàn ń dáhùn ṣáá. Wọ́n rí àwọn tí èrò wọn ò bá ìlà kan ṣoṣo mu. Àmọ́ wọ́n rí ọ̀pọ̀ tó dúró sáàárín lóòótọ́. Àwọn aláàárín yìí ló sì máa ń wo irú ẹni tí olùdíje jẹ́ jù lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé orúkọ kan ni, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ ẹ.

Ní 23 oṣù kẹfà 1993, ìjọba tó ya ìlà náà fagi lé ìbò ọ̀hún. Mi ò ní pé torí ìlà náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé òun ti mọ ohun tó wà nínú ará ìlú kò ní rí ìdí láti dúró gbọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ pé "ohun tí àwọn aláàárín ń fẹ́ nìyí," ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè pé: èwo nínú wọn, lórí ọ̀rọ̀ wo?